Dẹ́kìn afárá sán kí ọkọ̀ tó gorí rẹ̀: kí ló fà á, kí ni ká ṣe?

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀ńjíníà ni mí lọ́dọ̀ àwọn tó ń bójú tó iṣẹ́ afárá kan ní apá Òkè-Ògùn. Ojú mẹ́rin ni afárá náà ní láti òpó dé òpó, mítà 20 ni gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bíìmù kọnkéré tí wọ́n ti dà sílẹ̀ láti ọdún tó kọjá la gbé lé òpó, a wá da dẹ́kìn (ìyẹn kọnkéré pẹrẹsẹ tí ọkọ̀ ń gbà kọjá) tó nípọn tó mìlímítà 200 lé wọn lórí. Ojú mẹ́ta la dà ní Oṣù Kìn-ín-ní, nínú ọyẹ́. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ tí ilẹ̀ sì ń gbẹ, mo rí àwọn ìlà tínínrín tó gba ìdábùú afárá kọjá láti etí dé etí, bíi mítà kan àbọ̀ sí méjì síra wọn. Àwọn mìíràn tún wà tó kúrú, tó dagun. Ọkọ̀ kankan ò tíì gorí ẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe ní ká da sìmẹ́ǹtì olómi lé e, ká tẹ́ ọ̀dà kíá. Ọ̀gá mi ní kò ju irun orí lọ, kò lè ṣe nǹkan kan. Ọkàn mi ò balẹ̀. Ṣé ó lè wó ni? Ó sì ku ojú kan tí a ò tíì dà.

Ìdáhùn

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́, o sì kú àmójútó. Kí o tó ka lẹ́tà yìí tán, kọ ìwé sí agbaṣẹ́ṣe pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ da ohunkóhun lé dẹ́kìn yẹn. Sìmẹ́ǹtì olómi kò lè wọ inú ibi tó sán tínínrín bẹ́ẹ̀. Orí rẹ̀ ló máa jókòó sí, yóò gbẹ, yóò bó, yóò sì ti bo ohun tí a fẹ́ wò mọ́lẹ̀. Ibi tí kọnkéré ti sán, ìhà tó gbà, bó ṣe fẹ̀ tó, ọjọ́ tó yọjú, ìdọ̀tí tó wà nínú rẹ̀ tàbí tí kò sí níbẹ̀, inú wọn la ti máa mọ ohun tó bí i. Bí wọ́n bá bò ó kí a tó mọ̀, àméfò ni gbogbo àtúnṣe tí a bá ṣe.

Ṣé ó lè wó? Pẹ̀lú ohun tí o kọ yìí, mi ò rò bẹ́ẹ̀, ìdí tí mo sì fi sọ ọ́ ni pé ọkọ̀ ò tíì gorí rẹ̀. Ìlà tó gba ìdábùú láti etí dé etí, tí àárín wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, lórí dẹ́kìn tí kò tíì ru ẹrù kankan, ẹrù kọ́ ló fà á. Ṣùgbọ́n má ṣe fi ọ̀rọ̀ mi sùn. Mú àkàbà àti tọ́ọ̀ṣì, lọ sábẹ́ afárá lónìí, kí o wo bíìmù kọ̀ọ̀kan láti ìdí dé ìdí. Ohun tí yóò bà mí lẹ́rù ni ojú sísán tó dagun nítòsí ibi tí bíìmù jókòó lé òpó, tàbí èyí tó là láti ìsàlẹ̀ bíìmù lọ sókè ní àárín gígùn rẹ̀, tàbí bíìmù tó tẹ̀ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Bí o bá rí ọ̀kan péré nínú wọn, kó àwọn òṣìṣẹ́ kúrò lábẹ́ rẹ̀, kí o sì pe ẹni tó ya àwòrán afárá náà kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú.

Ìdí tí mo fi ń le koko lórí èyí ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kánádà. Ní ọjọ́ 30 Oṣù Kẹsàn-án 2006, afárá kan tí wọ́n ń pè ní de la Concorde ní ìlú Laval já lulẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Ó pa èèyàn márùn-ún, mẹ́fà fara pa. Ọdún 1970 ni wọ́n ṣí i. Wọ́n ti ń rí ibi tó sán lára rẹ̀ tipẹ́. Kódà kò tó wákàtí kan kó tó wó tí òṣìṣẹ́ kan wá yẹ̀ ẹ́ wò, torí àwọn awakọ̀ ti pè pé kọnkéré ń já bọ́ lára rẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ rí i lẹ́yìn náà pé irin tó wà ní ìdí apá afárá náà kò sí níbi tó yẹ kó wà, pé kọnkéré rẹ̀ kò dára tó láti fara da òtútù àti iyọ̀ ibẹ̀, àti pé ojú sísán tó dagun ti ń rìn nínú rẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ìyàtọ̀ wà láàárín èyí àti tìrẹ bí ilẹ̀ àti ọ̀run, àmọ́ ojú nìkan ni a fi ń mọ ìyàtọ̀ náà, ìyẹn ni mo ṣe ní kí o kọ́kọ́ lọ sábẹ́ afárá.

Ó yá, ká wá sórí ìlà ìdábùú. Kọnkéré a máa súnkì bó ṣe ń gbẹ. Kì í ṣe pé ẹnì kan ba iṣẹ́ jẹ́ ló ṣe ń súnkì, ìwà rẹ̀ nìyẹn. Ká mú ìwọ̀n tó wọ́pọ̀, 500 nínú mílíọ̀nù kan. Dẹ́kìn tó gùn tó mítà 20 yóò fẹ́ kúrú ní mìlímítà 10. Ṣùgbọ́n bíìmù tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti dàgbà. Ọdún tó kọjá ni wọ́n dà á, ó ti súnkì èyí tó pọ̀ jù nínú tirẹ̀, àwọn irin tó yọrí jáde lórí rẹ̀ sì di dẹ́kìn mú ṣinṣin. Dẹ́kìn fẹ́ kúrú, bíìmù kọ̀ fún un. Kọnkéré tí a ń fà báyìí kò lè nà ju bíi 100 sí 150 nínú mílíọ̀nù lọ kó tó ya. Ohun tó gbà á sílẹ̀ díẹ̀ ni pé bí a bá fà á pẹ́, a máa jọ̀wọ́ ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ojú sísán kọ̀ọ̀kan ní mítà méjì-méjì ìbá fẹ̀ tó mìlímítà kan gbáko. Ìyókù tí kò lè jọ̀wọ́ ni o ń rí lórí dẹ́kìn yẹn. Gígùn afárá ni ìfà náà gbà, torí náà ìdábùú ni yóò ya sí.

Ooru sìmẹ́ǹtì tún wà ńbẹ̀. Sìmẹ́ǹtì a máa gbóná bó ṣe ń le. Kọnkéré á le nígbà tí ara rẹ̀ ṣì gbóná, lẹ́yìn ọjọ́ kan sí méjì á tutù, bó bá sì ṣe ń tutù ló ń kúrú, nǹkan bíi 10 nínú mílíọ̀nù fún ìwọ̀n °C kọ̀ọ̀kan. Bó bá fi 20 °C tutù, 200 nínú mílíọ̀nù nìyẹn, ó sì ti kọjá ohun tó lè fara dà, kí gbígbẹ gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá da dẹ́kìn ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀ nínú oòrùn, ó ti fi ooru oòrùn kún ooru sìmẹ́ǹtì nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Nàìjíríà nìkan, kí agbaṣẹ́ṣe má baà rò pé ìwọ lò ń wá ẹ̀sùn sí òun lẹ́sẹ̀. Ní 1996, ètò ìwádìí ojú ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní NCHRP ní Amẹ́ríkà gbé ìròyìn jáde lórí èyí gan-an. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ó ju afárá 100,000 lọ ní orílẹ̀-èdè yẹn tí dẹ́kìn wọn ti sán ní ìdábùú láti ìgbà tí wọ́n ṣì wà ní tuntun, àwọn mìíràn kí ọkọ̀ tó gùn wọ́n, bíi tìrẹ. Ìwọ̀n mítà kan sí mẹ́ta síra wọn ni wọ́n rí. Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún, mo ti rìn lórí irú dẹ́kìn bẹ́ẹ̀ ju èyí tí mo lè kà lọ, pẹ̀lú ẹfun lọ́wọ́.

Ẹfun yẹn ni ìwọ náà máa mú báyìí. Jí ní kùtùkùtù, kí o ní kí wọ́n fọ dẹ́kìn mọ́ tónítóní, kí wọ́n bomi rin gbogbo ojú rẹ̀, kí o wá dúró. Bí ojú kọnkéré bá ti ń gbẹ, omi tó wọ inú ibi tó sán yóò pẹ́ kó tó gbẹ, ìlà dúdú yóò sì yọ kedere fún bíi ìṣẹ́jú mélòó kan. Bí òjò àkọ́rọ̀ ṣe fi hàn ọ́ lọ́jọ́sí náà nìyẹn. Ní àkókò yẹn ni kí ẹni méjì tàbí mẹ́ta máa fi ẹfun tọ ipa rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ya dẹ́kìn sórí ìwé ní ìgun mítà kan kan, kí o sì ya ìlà kọ̀ọ̀kan síbi tó wà gan-an. Má ṣe yà á bó ṣe wù ọ́. Bí ìlà bá dá dúró níbì kan tó sì tún bẹ̀rẹ̀ níwájú, yà á bẹ́ẹ̀. Ní ìparí, ro gbogbo gígùn wọn pọ̀, kí o fi mítà níbùú-lóròó dẹ́kìn pín in. Iye yẹn ni àwa fi ń fi afárá kan wé òmíràn, òun ni yóò sì jẹ́ kí o lè sọ lọ́dún tó ń bọ̀ bóyá ó pọ̀ sí i.

Bó ṣe fẹ̀ tó náà ṣe pàtàkì. Ọ̀gá rẹ ní irun orí. Irun orí èèyàn kì í sábà ju mìlímítà 0.1 lọ, torí náà ohun tó ṣeé wọ̀n ló sọ yẹn, ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n. Káàdì kan wà tó mọ́ gaara bí ọ̀rá, tí wọ́n ya ìlà oríṣiríṣi ìbú sí lára. Gbé e lé orí ibi tó sán, wá ìlà tó bá a dọ́gba. Má ṣe wọ̀n ọ́n ní ibi tí etí rẹ̀ ti fọ́, torí ẹnu rẹ̀ a máa fẹ̀ ju inú rẹ̀ lọ. Kọ aago tí o wọ̀n ọ́n sílẹ̀ àti bí dẹ́kìn ṣe gbóná tó, nítorí pé ojú sísán kan náà a máa fẹ̀ ní ìdájí ju ọ̀sán lọ. Ìwé ìtọ́sọ́nà ACI, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kọnkéré ní Amẹ́ríkà, gba mìlímítà 0.41 ní ibi tó gbẹ, 0.30 ní ibi tí ọ̀rinrin wà tàbí tí ilẹ̀ bò, àti 0.18 ní ibi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sí títì nítorí yìnyín. Ìtọ́sọ́nà ni, kì í ṣe òfin Mósè. Mo ti rí ojú sísán 0.2 tó gbé omi láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo sì ti rí 0.3 tí kò jinlẹ̀ ju ìpọn àtàǹpàkò lọ. Torí náà, lẹ́yìn tí o bá wọ̀n ọ́n tán, fi amọ̀ mọ ebè kékeré yí ibì kan ká, da omi sí i, kí o sì ní kí ẹnì kan dúró sábẹ́. Bí omi bá yọ nísàlẹ̀, o ti mọ̀ pé ó já. Bí o bá rí ìlà funfun bí ẹfun lábẹ́ dẹ́kìn, omi òjò ti ń bá ibẹ̀ kọjá tẹ́lẹ̀ nìyẹn, tó ń fọ oje sìmẹ́ǹtì jáde.

Wàyí o, àwọn tó kúrú tó dagun. Mo fẹ́ kí o kọ wọ́n sọ́tọ̀ pẹ̀lú ẹfun àwọ̀ mìíràn, nítorí pé mo fura pé ìyá wọn yàtọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bí wọn ni ọjọ́ tí ẹ da kọnkéré gan-an, bóyá kí ọ̀sán tó pọ́n. Bí kọnkéré bá ṣì rọ̀, omi inú rẹ̀ a máa gòkè wá sójú. Bí afẹ́fẹ́ bá ń gbé omi náà lọ ju bó ṣe ń gòkè lọ, ojú kọnkéré yóò gbẹ, yóò súnkì, nígbà tí inú rẹ̀ ṣì dà bí ẹ̀kọ tútù. Yóò ya bí ilẹ̀ àbàtà ṣe ń ya nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Irú wọn a sábà máa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn kì í sábà dé etí dẹ́kìn, ẹnu wọn á fẹ̀, wọ́n á sì tín-ín-rín bí a ṣe ń lọ sísàlẹ̀.

Nǹkan mẹ́rin ló ń pinnu bí omi ṣe ń fò lọ: ooru kọnkéré, ooru afẹ́fẹ́, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, àti agbára atẹ́gùn. Mo bá ọ ṣírò ọ̀sán kan nínú ọyẹ́ Òkè-Ògùn. Ká ní kọnkéré àti afẹ́fẹ́ jọ wà ní 34 °C, ọ̀rinrin jẹ́ 25 nínú 100, atẹ́gùn sì ń fẹ́ ní kìlómítà 20 ní wákàtí kan. Omi tó ń kúrò lórí mítà kan níbùú-lóròó tó kílò 1.75 ní wákàtí kan. Nígbà tó bá dé kílò kan làwa ti máa ń pariwo. Wá wo òru: afẹ́fẹ́ 24 °C, kọnkéré 28 °C, ọ̀rinrin 60, atẹ́gùn kìlómítà 5. Ó já sí 0.34. Kọnkéré kan náà, àwọn òṣìṣẹ́ kan náà, ìlú kan náà. Aago nìkan ló yàtọ̀. Inú mi kì í dùn tí mo bá rí i pé wọ́n kó owó ńlá sí dẹ́kìn kan, tí ó sì jẹ́ pé torí kí àwọn òṣìṣẹ́ lè tètè lọlé ni wọ́n fi dà á lọ́sàn-án ọyẹ́.

Ìwé tí ẹ kọ lọ́jọ́ tí ẹ dà á ni kí o wá lọ tú. Aago tí míkísà kọ̀ọ̀kan dé, ooru kọnkéré, bó ṣe rọ̀ tó, ẹni tó da omi kún un, aago tí wọ́n bò ó, iye ọjọ́ tí wọ́n fi bomi rin ín. Bí ojú sísán bá pọ̀ ní ìdajì kan tó sì ṣọ̀wọ́n ní ìdajì kejì, ìwé yẹn ló máa sọ ohun tó yàtọ̀ láàárín òwúrọ̀ àti ọ̀sán. Wo èsì kúúbù náà, ìyẹn àwọn ègé kọnkéré tí wọ́n fọ́ láti mọ agbára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn á rí èsì tó ga, wọ́n á yọ̀. Èmi, tí àwòrán bá béèrè agbára 30 MPa (MPa ni a fi ń wọn agbára kọnkéré) tí kúúbù sì fún wa ní 48, mo máa ń béèrè iye àpò sìmẹ́ǹtì tí wọ́n kó sínú rẹ̀. Ẹ̀rù kí kúúbù má baà kùnà ló ń jẹ́ kí àwọn agbaṣẹ́ṣe wa máa fi sìmẹ́ǹtì kún sìmẹ́ǹtì. Sìmẹ́ǹtì tó pọ̀ jù túmọ̀ sí ooru tó pọ̀ jù, omi tó pọ̀ jù, súnkì tó pọ̀ jù, àti kọnkéré líle tí kì í jọ̀wọ́ nígbà tí a bá ń fà á.

Àwọn tó ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa jù lójú tèmi ni yunifásítì ìpínlẹ̀ Kansas àti àwọn tó ń bójú tó títì níbẹ̀. Ọdún lé ní ogún ni wọ́n ti ń da dẹ́kìn, tí wọ́n sì ń padà lọ wọn ojú sísán rẹ̀ lọ́dọọdún, pẹ̀lú dẹ́kìn mìíràn tí wọ́n dà ní ìlànà àtijọ́ nítòsí rẹ̀ láti fi wé e. Ohun tí wọ́n rí ta ko ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé: dẹ́kìn tí kọnkéré rẹ̀ le jù, tó rọ̀ jù nígbà tí wọ́n dà á, ló ń sán jù. Ni wọ́n bá dín sìmẹ́ǹtì kù sí nǹkan bíi 320 kílò nínú kọnkéré tó jẹ́ mítà kan níbùú, lóròó àti ní gíga. Wọ́n fi òkè àti ìsàlẹ̀ sí agbára kọnkéré, láti nǹkan bíi 24 sí 38 MPa, kí ẹnikẹ́ni má baà gbéra ga pé tòun le jù. Wọ́n sì pàṣẹ pé kí àpò ìdọ̀họ tó rin gbingbin bo ojú kọnkéré láàárín ìṣẹ́jú 10 tí wọ́n bá ti nà án tán, kó sì wà ní tútù fún ọjọ́ 14. Ojú sísán dín kù gan-an. Kò sí oògùn àjèjì kankan nínú rẹ̀.

Ó ku kí o wo inú kọnkéré. Kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ tí ń wá irin rìn lórí àwọn ìlà ìdábùú yẹn, kí o wò ó bóyá irin òkè wà lábẹ́ wọn gẹ́lẹ́. Mo ní ìdí tí mo fi ń bẹ̀ ọ́ fún èyí. Afárá kan wà tí wọ́n pè mí sí nílé níbí lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn. Gbogbo wa, èmi náà wà nínú wọn, la ti gbà pé ọkọ̀ tírélà ló ń fọ́ ọ. Nígbà tí a wá irin, a rí i pé ojú sísán kọ̀ọ̀kan ló jókòó lórí irin kan, bíi pé ẹnì kan fi rúlà yà á, irin náà kò sì jinlẹ̀ ju mìlímítà 20 lọ níbi tí àwòrán ti béèrè 40. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé kọnkéré rọ̀, ó ń jókòó wálẹ̀, irin kò jẹ́ kó jókòó níbi tó wà, ó ya lé e lórí kó tó le. Tírélà kò mọ́wọ́ mẹ́sẹ̀. Irú èyí ló burú jù fún irin, torí omi yóò bá a lọ ní gbogbo gígùn rẹ̀, kì í ṣe níbi ẹyọ kan tí wọ́n ti pàdé.

Lẹ́yìn náà, gba àṣẹ láti gbẹ́ kọ́ọ̀ mẹ́ta péré (ìyẹn ègé kọnkéré bí ọ̀pá tí a fi ẹ̀rọ gé jáde): ọ̀kan lórí ìlà ìdábùú, ọ̀kan lórí èyí tó dagun, ọ̀kan níbi tí kò sán. Wá irin kí o tó gbẹ́, má gé e. Má sì jẹ́ kí ẹ̀rọ sún mọ́ bíìmù, wáyà tí wọ́n fà le nínú bíìmù kò ṣeé fọwọ́ kàn. Tí kọ́ọ̀ bá jáde, wo bí ojú sísán ṣe rìn. Bó bá ń yí òkúta ká, kọnkéré kò tíì le nígbà tó ya. Bó bá la òkúta kọjá, ó ti le kó tó ya. Wo bó ṣe jìn sí. Da fenọfitalíìnì, oògùn olómi tí a fi ń yẹ kọnkéré wò, sí ojú tuntun tí o bá fọ́: ibi tó bá pupa bí òdòdó ṣì ní agbára láti dáàbò bo irin, ibi tí kò bá pọ́n ti sọ agbára yẹn nù. Lórí dẹ́kìn oṣù mẹ́ta, ó yẹ kí gbogbo rẹ̀ pọ́n. Bí kò bá pọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú sísán, kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àwòrán.

Kí nìdí tí a fi ń ṣe wàhálà tó báyìí lórí ohun tí kò ní wó? Nítorí irin. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀, aláǹgbá ti afárá sì ni omi. Ní ibi yìí, ipò tìrẹ sàn ju ti àwọn ará Kansas lọ, torí a kì í da iyọ̀ sí títì ní Òkè-Ògùn, iyọ̀ òkun kò sì dé ibẹ̀. Bó bá jẹ́ Èkó ni, mo máa le ju báyìí lọ. Afárá Third Mainland tó gùn tó kìlómítà 11.8, tí wọ́n parí ní 1990, orí ọ̀sà ló dúró sí, iyọ̀ ń bá a láti ìsàlẹ̀ àti nínú afẹ́fẹ́. Láti Oṣù Keje 2020 títí di Oṣù Kejì 2021 ni wọ́n fi dí ọ̀nà lórí rẹ̀ ní ìdajì-ìdajì nítorí àtúnṣe jọ́ìǹtì, gbogbo ẹni tó ń gbé Èkó nígbà yẹn ló mọ ohun tí ojú rí. Tìrẹ kò ní iyọ̀, àmọ́ omi òjò àti afẹ́fẹ́ tó láti mú irin dípẹtà bí a bá fún wọn ní ọdún púpọ̀. Irin tó bá dípẹtà a máa wú, wíwú rẹ̀ ni yóò wá fọ́ kọnkéré láti inú. Fún àwọn afárá tó ti dàgbà ní agbègbè rẹ, a máa ń fa ṣéènì lórí dẹ́kìn, ibi tó bá dún bí àgbá òfìfo ti bó nínú. A tún máa ń fi wáyà wọn iná tó wà lára irin: bó bá ti kọjá mìlífóòtì 350 ní ìhà òdì, àfàìmọ̀ kí irin náà má ti máa jẹ. Tìrẹ kò tíì tó èyí. Ṣùgbọ́n ṣe ìwọ̀n iná yẹn lẹ́ẹ̀kan báyìí, kí a ní ohun tí a ó fi wé ti ọdún márùn-ún sí i.

Nípa àtúnṣe, má kánjú. Dẹ́kìn yẹn ṣì ń súnkì. Ohun tí a bá fi dí i lóṣù yìí lè ya ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ọdún tó parí. Bó bá jẹ́ pé ìwọ̀n rẹ kò ju 0.2 lọ tí omi kò sì já, mo máa fara mọ́ ọn pé kí wọ́n fi ohun tí omi ò lè là kọjá bo gbogbo dẹ́kìn dáadáa kí ọ̀dà tó dé orí rẹ̀, kí wọ́n má ṣe fi ọwọ́ kan ìlà kọ̀ọ̀kan. Bó bá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ tàbí tí omi ń já, oje rẹ́sìnnì tó ṣàn bí omi ni kí wọ́n dà sí i, èyí tó máa fúnra rẹ̀ wọlé lọ, kí wọ́n dúró de ẹ̀ẹ̀rùn nígbà tí inú rẹ̀ bá gbẹ pátápátá, kí wọ́n sì ṣe é ní ìdájí nígbà tí ẹnu rẹ̀ ṣí jù. Rẹ́sìnnì tí wọ́n bá dà sínú ojú sísán tí omi ṣì wà nínú rẹ̀, owó tó ṣòfò ni. Agbaṣẹ́ṣe yóò ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí afárá ti sún mọ́lé. Sọ fún un pé tí ọ̀dà bá bo dẹ́kìn tí a kò tíì dí, omi yóò dúró láàárín méjèèjì, a ò sì ní rí i mọ́.

Ojú kẹrin tó kù ni mo ń rò jù, torí pé ìyẹn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ. Béèrè ìwọ̀n sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fẹ́ lò kí wọ́n tó dà á, má gbà á bó bá ti ń lọ sí 400 kílò láìnídìí. Jẹ́ kí òkúta pọ̀ nínú rẹ̀, kí ó sì tóbi dé ibi tí àlàfo irin bá gbà. Bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́, kí ẹ ti fi omi tu bíìmù àti irin lára kí kọnkéré tó kàn wọ́n. Fi rúlà wọn àyè tí kọnkéré yóò fi bo irin lókè níwájú àwọn tó ń to irin, kó má sì jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, torí wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí wọ́n ṣe ń rìn. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ da omi sínú míkísà lórí iṣẹ́, kódà kó jẹ́ fọ́mànù. Kí àpò ìdọ̀họ ti wà nínú dúrọ́ọ̀mù omi láti ìrọ̀lẹ́, kí àwọn tó ń bo dẹ́kìn máa tẹ̀ lé àwọn tó ń nà án lẹ́yìn, mítà mẹ́ta péré láàárín wọn, lẹ́yìn náà kí ọ̀rá bo àpò náà. Ọjọ́ 14 ni, ọjọ́ Sọ́ńdè kò yọ sílẹ̀. Yan ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa fọwọ́ kan àpò yẹn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kó sì máa fọwọ́ sí ìwé. Ra ohun tí ń wọn ooru àti ọ̀rinrin, kò wọ́n, kí o so ó mọ́ òpó, kí o máa kọ ohun tó bá sọ ní wákàtí wákàtí láti ìgbà tí míkísà àkọ́kọ́ bá dé.

Tí o bá ti ya àwòrán ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán, tí èsì kọ́ọ̀ sì dé, kọ̀wé sí mi padà pẹ̀lú ìwé ọjọ́ tí ẹ da ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ìlà rẹ ń yí òkúta ká tàbí ó là wọ́n kọjá.